Ilé Ìtàwé Tó Wọnú Ìtàn



Ní títì Awólọ́wọ̀, Ìkòyí, l'Ékòó, ni ilé ìtàwé Jazzhole wà. Kúnlé Tejúoṣó ló dá a sílẹ̀. Ìwé àti àwo orin ni wọ́n ń tà níbẹ̀: àwo àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun. Oníbàárà tí kò mọ èyí tí yóò kà, ẹ jẹ́ kó béèrè.

Àwọn òǹkọ̀wé pẹ̀lú ti wá ka iṣẹ́ wọn sétígbọ̀ọ́ àwùjọ níbẹ̀.

Ní 2013, òǹkọ̀wé Chimamanda Ngozi Adichie gbé Jazzhole sínú ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Americanah: ibẹ̀ ni Ifemelu àti Obinze, àwọn ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà, ti tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà níbẹ̀ lónìí, yóò bá ilé tó dúró sí nínú rẹ̀.