Ẹyin Wo Ni Yóò Di Akọ, Èwo Ni Yóò Di Abo?



Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ abo ju akọ lọ, nítorí ẹyin. Àwọn mìíràn a máa ṣa ẹyin tí orí rẹ̀ ṣóńṣó sọ́tọ̀ pé akọ ni, wọn a sè é jẹ. Èyí tó rí róbótó nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí adìyẹ sàba lé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Inú àgbébọ̀ ni akọ àti abo ti ń pín, kí èèpo tó bo ẹyin. Ìrísí èèpo kò lè sọ ọ́. Bí ẹ bá se ẹyin ṣóńṣó jẹ, ẹ ti jẹ abo mọ́ akọ.

Tọ́ọ̀ṣì tí a ń tàn sí ẹyin ní ọjọ́ keje yóò fi hàn bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀. Kò lè fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní Jámánì, níbi tí òfin ti ka pípa òròmọdìyẹ akọ léèwọ̀ láti ọdún 2022.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ ṣa ẹyin tó mọ́, tí kò sán, tí kò ju ọjọ́ 7 lọ. Ẹyin 10 sí 12 tó adìyẹ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, ẹ retí bí ìdajì akọ, ìdajì abo. Bí wọ́n ti ń dàgbà, ogbe akọ yóò tóbi, yóò sì pọ́n ju ti abo lọ. Ẹ tọ́jú abo fún ẹyin. Ẹ bọ́ akọ dé ìgbà ọdún, kí ẹ tà á. Owó ni òun náà.