Kí O Tó Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Gíràtúítì

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

 

Awakọ̀ kan nínú wa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ku oṣù méjì péré kí ó pé ọdún márùn-ún. Ó ti fọkàn sí i pé owó gíràtúítì ni òun yóò fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyàwó òun. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, wọ́n ṣí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ hàn án: ẹni tí kò bá pé ọdún márùn-ún kò ní gba kọ́bọ̀. Ó sáré wá bá wa, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ bọ̀wé ná.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

Èkíní, Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 kò fi dandan lé e pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ san gíràtúítì. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ wa, ìwé òfin ilé-iṣẹ́ àti àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá àwọn ọ̀gá ṣe ni ẹ̀tọ́ náà ti ń wá. Ilé-ẹjọ́ sì ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé àdéhùn ẹgbẹ́ lè má de agbanisíṣẹ́ bí ìwé ìgbàsíṣẹ́ kò bá mẹ́nu kàn án. Ìlérí ẹnu mánijà kì í ṣe ìwé.

Èkejì, gíràtúítì yàtọ̀ sí owó pẹ́ńṣàn. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn ti 2014, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá ó kéré tán náírà 10 lórí 100 fún wa, kí àwa náà dá 8. Òfin yẹn kan náà gbà kí agbanisíṣẹ́ fi owó mìíràn kún un. Bí gíràtúítì bá wà nínú àdéhùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé pẹ́ńṣàn ti gbé e mì.

Ẹ̀kẹta, kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ àti dídín òṣìṣẹ́ kù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ṣáájú: ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá ti ṣe ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan bí ó bá ti pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fẹ́ dín wa kù, òfin ní kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ó sì gbìyànjú láti bá wa jíròrò lórí owó tí yóò san.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ka àkókò tí ẹ fi ṣe lébìrà ojúmọ́ mọ́ ọn. Ẹ béèrè bóyá owó oṣù gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò, tàbí pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ mú un wá kí a jọ kà á.

Oṣù méjì ló ná ọmọ ẹgbẹ́ wa ní iṣẹ́ ọdún márùn-ún. Kí ó má tún ṣe ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.