Ọmọ Mi Kú Sàn Ju Ọmọ Mi Nù

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù. Ìdílé kan ní Amẹ́ríkà jẹ ìrora òwe yìí fún ọdún tó lé ní 70.

Lawrence Dickson lọmọ tó nù náà. Awakọ̀ bàálù ogun ni, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà ogun Hitler. Láyé ìgbà náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í pa dúdú pọ̀ mọ́ funfun. Ọ̀tọ̀ ni ibùdó, ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ ogun. Àwọn ọ̀gá ológun kan tilẹ̀ gbà pé ọpọlọ èèyàn dúdú kò lè gbé wíwa bàálù. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni àwọn ọmọkùnrin yìí fi dáhùn. Wọ́n kun ìrù bàálù wọn ní pupa, wọ́n ń sin àwọn bàálù ajubọ́ǹbù lọ sójú ogun, kí ọ̀tá má baà yìnbọn já wọn bọ́.

Ní December 23, 1944, Dickson gbéra ní Ramitelli, nílẹ̀ Ítálì. Ọmọ ọdún 24 ni, ìgbà kejìdínláàádọ́rin tó máa jáde lọ sógun sì nìyẹn. Bàálù ayafọ́tò kan ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sìn lọ sí Prague. Ẹ́ńjìnnì bàálù Dickson ṣe ségesège, ó ṣẹ́rí padà. Àwọn awakọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e rí i tó ṣí ìdérí bàálù kó lè bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n yípo títí, kò sí páráṣúùtì, kò sí èéfín. Yìnyín ti bo gbogbo òkè.

Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀. Ní 1949, ìjọba ní òkú rẹ̀ kò ṣeé rí mọ́. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń wá a, Austria ló já sí, nítòsí ibodè. Àkọsílẹ̀ kan tí àwọn ará Jámánì ṣe nígbà ogun ló wá tọ́ka sí Hohenthurn, ní Austria. Wọ́n wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 2017, wọ́n rí egungun àti òrùka. Ní July 2018, àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Nínú awakọ̀ Tuskegee 27 tó nù, òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington ní March 2019.

Ìjọba tó bá rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun jẹ ìdílé rẹ̀ ní gbèsè: bí ọmọ bá kú, kí wọ́n wá òkú rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín lọ sí ogun Bọ́mà nígbà ogun Hitler kan náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ àti ibi tó ti jagun sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.