Ẹnu Ń Wá Ohun Dídùn, Kábù Ò sì Gbọ́dọ̀ Pọ̀: Kí La Fẹ́ Ṣe?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la tún gbé dé lónìí: ẹni tó ti dín kábù kù, tó ti pa ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì tì, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ohun dídùn?

Àgọ́ Palace ni mò ń gbé, nítorí náà àdúgbò wa ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá mọ òpópónà wa láago mẹ́jọ alẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Pọ̀fù-pọ̀fù ń hó nínú epo, ẹlẹ́ṣawámà ń gé ẹran, mínírà tutù wà nínú kúlà, àkàrà òyìnbó wà nínú gíláàsì. Ẹni tó ń jẹ low-carb ní láti kọjá láàárín gbogbo ìyẹn kó tó délé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìfà ọkàn yẹn ti ń wá. Kì í ṣe wọ̀bìà. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi sì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí kábù bá dín kù lójijì, ara á lo èyí tó tọ́jú, omi yẹn á bá ìtọ̀ jáde, iyọ̀ náà á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ni, tó sì máa ń rẹni, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Ṣúgà ni ara mi ń béèrè." Rárá o, lọ́pọ̀ ìgbà omi àti iyọ̀ ló ń béèrè. Ife omi kan àti abọ́ pẹ́pẹ́ súùpù lè ṣe ohun tí ìgò mínírà kò ní lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó má fi iyọ̀ kún oúnjẹ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni ebi. Ẹlòmíràn á yọ kábù kúrò, kò ní fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Á jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, á mu tíì lásán, á dúró títí di ọ̀sán kó tó jẹ sàláàdì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Oṣòdì lálẹ́, tí ọmọ tó ń ta gàlà àti mínírà bá kan fèrèsé, ta ló fẹ́ bá ebi jà? Ẹ jẹun yó kí ẹ tó jáde: ẹyin méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀fọ́ rírò, ẹran tàbí ẹja, píà bó bá wà. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí àgbọn díẹ̀ sínú báàgì. Ẹni tó ti yó kì í sábà rí pọ̀fù-pọ̀fù bíi tẹni tébi ń pa.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òpópónà tó ń dán wa wò náà lè bọ́ wa. Àgọ́ Palace kún fún asun, súyà, ẹja yíyan àti nkwobi. Ìwọ̀nyí kò ní kábù púpọ̀ nínú. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni ohun tí wọ́n ń gbé tẹ̀ lé wọn: dòdò, ànàmọ́ díndín, mínírà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹja nìkan lẹ fẹ́. Ẹ má gbàgbé pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n sí i ni stáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Ìdí tí dòdò fi ń dùn nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2015 pé yóò dáa bí ṣúgà tí wọ́n fi kún nǹkan kò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò mínírà. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 nínú ml 100, ìgò 50cl ní gíráàmù 50, ó lé ní ṣíbí tíì méjìlá. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi owó-orí náírà 10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan nínú Finance Act 2021.

Ibi tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù rèé: ṣúgà tó pààrọ̀ aṣọ. Ẹnì kan á ní òun ti jáwọ́ nínú ṣúgà, á wá máa da oyin sínú tíì. Nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá oyin, ṣúgà ni. Ẹlòmíràn á lọ dàbínù mọ́ zobo, á ní "kò sí ṣúgà níbẹ̀." Ó ju ìdajì dàbínù lọ tó jẹ́ ṣúgà. Mi ò sọ pé oyin tàbí dàbínù burú o. Mò ń sọ pé ẹni tó ń ka kábù ní láti kà á mọ́ ọn. Zobo tí a fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sè, tí a kò fi ohun dídùn kankan sí, ìyẹn dáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ wa ní ohun dídùn tí kì í ṣe ṣúgà. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè nípa agbáyun. Èso pupa kékeré ni, òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ ẹ́, tí ẹ wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ lá ahọ́n, ọsàn kíkan á di aládùn. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní miraculin ló ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tó ń sọ kíkan di dídùn fúngbà díẹ̀. Lọ́dún 1852, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé pé àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń fi èso yìí mú kí ẹmu tó ti kan dùn lẹ́nu.

Ìkejì ni ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Orúkọ dókítà kan náà ni àwọn onímọ̀ fi pè é: Thaumatococcus daniellii. Nínú èso rẹ̀ ni thaumatin wà, purotéènì tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Bí ẹ bá rí E957 lára páálí, òun nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di àṣà ojoojúmọ́. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé ká má gbára lé àwọn ohun dídùn tí kì í ṣe ṣúgà láti fi dín ara kù. Ahọ́n tó ń gba adùn lójoojúmọ́, adùn ni yóò máa wá. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀: ṣíbí mẹ́ta nínú tíì, kó di méjì, kó di ọ̀kan. Tó bá yá, ẹ ó rí i pé àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo á dùn ju bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tí ẹ ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ má dín kábù kù láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀, kó lè tún ìwọ̀n oògùn ṣe. Bí ara yín bá sì ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ fẹ́ ohun dídùn lójijì, ìyẹn kì í ṣe ìfà ọkàn tí ẹ fẹ́ bá jà. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè ti já wálẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ mu mínírà yẹn kíá! Low-carb lè dúró di ọ̀la.

Fún àwa yòókù, bí ọkàn bá ń fà sí i lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ mu omi, ẹ bi ara yín pé ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ẹ mú díẹ̀, ẹ jókòó jẹ ẹ́, kí ẹ sì padà sí oúnjẹ yín lọ́la. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń da oyin sí tíì. Ó dìgbà kan ná o.