Sophie Olúwọlé àti Ẹjọ́ Ọ̀rúnmìlà

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú (philosophy): ẹ̀kọ́, ìmọ̀ràn, ìgbàgbọ́ àti ẹbí. Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú jẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ àkókò yín.

Ẹ̀kọ́

Ìgbàrà-Òkè ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1935. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Moscow lọ́dún 1963, ó dé Jámánì àti Amẹ́ríkà, kó tó padà wá gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka níbí. Ìbàdàn ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Akoka yìí náà ló ti ṣe olùkọ́.

Ìjà àtijọ́

Nígbà tiwa, ìbéèrè kan ló gba gbogbo kíláàsì: ṣé Áfíríkà tilẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú? Paulin Hountondji, ọmọ Benin tó kú lọ́dún 2024, ní ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ká máa wò. Peter Bodunrin ní Ìbàdàn gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1981: òwe àti ìtàn nìkan kò tó, àfi ká rí ẹni tó ń bèèrè, tó ń jiyàn. Mo ti bá àwọn ọmọlẹ́yìn wọn fà á títí ọ̀fun mi fi gbẹ, n kò sì tíì dákẹ́.

Socrates ni Olúwọlé fi dá wọn lóhùn. Ọkùnrin Gíríìkì yìí kú lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Jésù, kò sì kọ ìwé kankan. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ló kọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá gba Socrates wọlé, kí ló dé tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọ̀rúnmìlà, baba Ifá, tó ní odù 256 lẹ́yìn? Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014, *Socrates and Orunmila*, dá lé.

Ìmọ̀ràn

Bí ẹ bá ń wá ìbéèrè àti iyàn tí Bodunrin ń wá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dáfá. Ẹni tó wá lè má sọ ohun tó gbé e wá. Yóò sọ ọ́ sí owó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò máa ki ẹsẹ Ifá tẹ̀lé ẹsẹ. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ ni yóò mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ẹsẹ á sọ ẹni tó dáfá rí, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bó ṣe é àbí kò ṣe é, àti ibi tó já sí. Ẹ̀rí rèé, iyàn rèé! Ní Mushin tí mo gbé dàgbà, mo rí ọmọ ìjọ àti ọmọ mọ́sálásí tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ babaláwo lálẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn bàbá yín ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ mọ Plato, ẹ ò lè ki ẹsẹ kan nínú odù Èjì Ogbè.

Ìgbàgbọ́ àti ẹbí

Wọ́n pe Olúwọlé ní Màmáláwo, ṣùgbọ́n ìrònú ló ń wá nínú Ifá. Ìyàwó ilé ni, ìyá ọmọ ni, kò sì torí ìyẹn pa ìwé tì.

Ó kú lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ẹ wá ìwé rẹ̀ kà, kí ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà tó mọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.