Ẹsẹ̀ Bàtà àti Mítà: Ta Ní Ń San Owó Ìyàtọ̀?



Láàárín ọdún mẹ́ta, ìjọba ológun Nàìjíríà yí nǹkan mẹ́ta padà fún wa. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ní 1974, òfin ìwọ̀n jáde: mítà, kílò àti lítà ni ká máa lò. Méjì àkọ́kọ́ múlẹ̀ kíá. Ẹni tó bá takú sọ́wọ́ òsì yóò forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Owó àtijọ́, báńkì kó o nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lọ gba táàpù lọ́wọ́ télọ̀? Ta ló gba mọ́ọ̀dù onínṣì mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù? Irin iṣẹ́ wọn ṣì dára, owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ń lò ó lọ. N ò dá wọn lẹ́bi.

Ẹ wá wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígboro lónìí. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án, sìmẹ́ńtì kílò 50, irin mìlímítà 12, pákó 2 sí 4 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Orí òrùlé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà á ní ẹsẹ̀ bàtà 20 lòun nílò. Mítà ni ẹni tó ń ta páànù alumíníọ́mù fi ń gé e. Bí wọ́n bá pè é ní mítà 6, páànù á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kúrú, ìyẹn bí ínṣì mẹ́rin. Òjò á máa fọ́n sára ògiri, onílé ni yóò sì tún un ṣe.

Ti ilẹ̀ ló ká mi lára jù. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ní pulọ́ọ̀tì 50 sí 100, ẹsẹ̀ bàtà ló ní lọ́kàn. Mítà ló wà nínú ìwé sọ́fíyọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24, 100 sì jẹ́ mítà 30.48, bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 464.5. Kí ẹnì kan wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pè é ní 15 sí 30," 450 péré ló kù. Ohun tó lọ níbẹ̀ tó yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì gùn ní 13. Bẹ́ẹ̀dì á gbà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù á gbà, ọmọ méjì á sùn síbẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ti sanwó yàrá náà, kò sì ní rí i láéláé.

Ìdàpọ̀ ìwọ̀n yìí kì í sì ṣe tiwa nìkan. Ní Kútọnu àti Lomé, níbi tí mítà ti jẹ́ ìwọ̀n ìjọba, ọ̀pá mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ṣì ń ta áńkárá.

Ní ọjà wa ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, kóńgò ló ń jọba, kò sì sí lọ́dọ̀ mítà tàbí ẹsẹ̀ bàtà. Àyè ló ń wọ̀n, kì í wọn ìwúwo. Kóńgò ìrẹsì wúwo ju ti gàrí lọ. Ṣùgbọ́n olùrà ń fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe kún, ó rí òkìtì orí rẹ̀, ó sì lè bèèrè èènì. Nítorí náà, n kì í bá àwọn tó fẹ́ kí a kó kóńgò dànù ṣe. Ẹ ṣáà máa yẹ ìdí rẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí sọ́fíyọ̀ kọ ẹsẹ̀ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà sórí ìwé ilẹ̀. Kí ẹni tó ń ta páànù na táàpù níwájú oníbàárà kó tó gé e. Kí olùkọ́ gbé táàpù télọ̀ wọ kíláàsì, nítorí ínṣì wà lójú kan rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà wà lójú kejì. Kí ọmọ fi ojú méjèèjì wọn tábìlì tó jókòó sí, kó lè bá baba rẹ̀ yẹ ìwé ilẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.