Owó Kan fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Ta Ni Yóò Di Àpò Mú?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

Kí ẹgbẹ́ ojúgbà pé ọdún mẹ́wàá láìtú ká, kí ó má sì sí ẹjọ́ owó láàárín wọn, kì í ṣe ohun kékeré. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ owó yẹn.

Nígbà tí akọ̀wé yín wá bá mi, ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan àwa tí à ń gbé nítòsí ẹnubodè. Mo ní kò sí ohun tó kàn wá ju owó lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Owó tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn olórí ECOWAS ní a óò jọ máa ná, tí wọ́n sọ ní Eco.

Ẹni tó bá ti ná ọjà Ìgólò rí mọ̀ pé àwọn ìyá ibẹ̀ kò dúró de ìjọba kankan. Náírà wà nínú àpò kan, sẹ́fà wà nínú èkejì. Bí o bá san náírà, wọn yóò ṣírò rẹ̀ lórí kíá, wọn yóò fi sẹ́fà fún ọ ní ṣẹ́ńjì. Iye tí wọ́n ń pè láàárọ̀ lè yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, ẹni tí kò bá sì tètè gbọ́ iye tuntun ni yóò pàdánù. Lóṣù tó kọjá, mo bi ìyá kan tó ń ta epo pupa níbẹ̀ bóyá yóò fẹ́ owó kan ṣoṣo. Ó ní, “Kí ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀?” Mo ní Eco. Ó ní, “Ó mà jọ Èkó! Ṣé Èkó ni wọ́n ti fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́? Bàbá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ará Nàìjíríà ni ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa ná sẹ́fà mi lọ.”

Ó fẹ́ bí mi nínú. Àmọ́ mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pa àwọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan dà, tí èmi àgbàlagbà tò sórí ìlà láti ìdájí, tí mo sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Owó ara mi ni mo lọ gbà o! A fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá elépo?

Síbẹ̀, sẹ́fà tó ń yangàn pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sẹ́fà ló ń fi pamọ́, ó ní òun kò fẹ́ owó tí kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà pé jọ sí Dakar, ìjọba Faransé wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà gbọin-gbọin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, 50 sẹ́fà tó ń ra faransì kan di 100. Àǹtí mi ṣí àpótí rẹ̀, ó ka owó, ó pé. Olè kò wọlé, iná kò jó, àmọ́ aṣọ tó ń ti òkè òkun wá ti di ìlọ́po méjì. Títí ó fi kú, bí a bá ti dárúkọ Dakar, yóò pòṣé.

Nítorí náà, nígbà tí ará Nàìjíríà bá ní òun kò fẹ́ owó tí Faransé yóò máa ti ẹ̀yìn darí, kò parọ́. Nígbà tí ará Kùtọ̀nú bá ní òun kò fẹ́ owó tí yóò máa já bí náírà, òun náà kò parọ́. Nàìjíríà nìkan ní ju ìdajì àwọn ènìyàn tó wà nínú ECOWAS lọ. Ẹ wo àjọ tí ẹnì kan ti ń dá ju gbogbo àwọn yòókù lọ: bí ó bá wúkọ́, gbogbo ilé ni yóò jí.

Owó àjùmọ̀ná kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Àwọn baba wa ná owó ẹyọ láìbéèrè ẹnubodè. Ẹgbàá ni 2,000, ọ̀kẹ́ kan ni 20,000. Ohun tí à ń kà náà nìyẹn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ wa kò mọ̀ pé owó ẹyọ ló wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkun Íńdíà ni ẹyọ ti ń wá. Kò sí ọba kan nínú wa tó ń pàṣẹ iye tí yóò wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn oníṣòwò Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi mìíràn wá láti ìhà Zanzibar, wọ́n dà á sí Èkó àti Ouidah bí ẹni ń da yanrìn, iye rẹ̀ sì wó lulẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó fi ẹnubodè là wá láàárín ní 1889, Kétu lọ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1912, ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe owó kan fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Ará Ìmẹ̀kọ lè gbé owó rẹ̀ lọ sí Accra, kí ó ná an. Ní Kétu tó jẹ́ ilé bàbá rẹ̀, owó àlejò ni. Gánà ṣe owó tirẹ̀ ní 1958, àwa ṣe tiwa ní 1959.

Ní ti Eco fúnra rẹ̀, n kò ní fi àkókò ṣòfò. Wọ́n kọ́kọ́ fi sí 2003, wọ́n sún un sí 2005, ó di 2009, ó di 2015, ó di 2020. Ní báyìí, 2027 ni wọ́n ń wí. Ara ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí àlàfo tó wà láàárín owó tó ń wọlé fún ìjọba àti èyí tó ń ná má ju ìdá 3 nínú 100 ọrọ̀ ajé ìlú lọ, kí owó òkèèrè tó wà nípamọ́ sì tó ra ọjà oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn, ẹ mọ ibi tí a dé.

Èyí tó dùn mí jù kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ní Àbújá, wọ́n fún ọmọ lórúkọ: Eco. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba wa ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Tòmátì jẹrà lórí ìdúró. Àwọn ìyàwó tó ní ọkọ ní òdìkejì ń gba ọ̀nà igbó lọ wo àna wọn. Àfi bí ẹni tó pe aládùúgbò wá jẹ àsè, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ní ìparí 2019 bákan náà, Ààrẹ Ouattara àti Macron dìde ní Abidjan pé sẹ́fà ni yóò di Eco. Kí oṣù kìíní 2020 tó parí, àwọn mínísítà ìnáwó Nàìjíríà, Gánà àti àwọn alájọṣe wọn ti ní àwọn kò sí níbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ta ló bi wá? Ní Dẹ́ńmákì, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò lórí owó Yúrò ní ọdún 2000. Wọ́n dìbò, wọ́n ní rárá. Súwídìn bi tiwọn ní 2003, àwọn náà kọ̀. Títí di òní, owó wọn ni wọ́n ń ná, aládùúgbò kò bá wọn jà. N kò sọ pé kí àwa náà kọ̀ ọ́. Èmi fẹ́ Eco. Mo fẹ́ kí n jáde nílé kí n dé Lomé láìpààrọ̀ owó lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ ní 2027, n kò sì fẹ́ ẹ kí náírà tó lè dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí àwọn ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà láti ibi sí Kùtọ̀nú tó dín kù.

Akọ̀wé yín sọ fún mi pé níbí, gbogbo ìpàdé ni akápò ń ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sétí gbogbo ẹgbẹ́, àti pé ènìyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde ní báńkì. Mo sọ èyí fún ìyá elépo. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ni yóò máa ka ti Eco sí wa létí?”

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè. Mo rí i pé akápò ti nawọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.